Ohùn Tó Ń Kà Wá Lókè Kétu

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí ná: mi ò kì í mu ọtí, mi ò kì í lo oògùn olóró, mi ò sì sùn lẹ́nu iṣẹ́ rí. Ẹnikẹ́ni kọ́ ló sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún mi. Ojú mi méjèèjì ló rí i.

Iṣẹ́ bààlúù wíwà ni mò ń ṣe, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́jọ báyìí. Lásìkò tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, igbákejì awakọ̀ ni mí, ẹni tó máa ń jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún ọ̀gá. Iṣẹ́ wa ò fàyè gba àròsọ. Bí aago bá sọ pé epo kù báyìí, báyìí náà ló kù. Bó bá sọ pé a ga tó báyìí, bẹ́ẹ̀ la ga tó. Ohun tí mo bá lè wọ̀n, tí mo bá lè kà, òun ni mò ń gbà gbọ́.

Mi ò ní dárúkọ ara mi, mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ wa, torí pé ibẹ̀ náà ni mo ṣì wà. Ọkọ mi tiẹ̀ ní kí n má kọ ọ́ rárá. Ó ní, "Ìyá Dára, ìwọ náà mọ ẹnu àwọn èèyàn." Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá kọ ọ́, ẹlòmíràn á bá nǹkan yìí pàdé láìmọ ohun tó yẹ kó ṣe. Mi ò lè gbé ìyẹn sọ́rùn.

Ìlọrin la ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Bààlúù kékeré ni, irú èyí tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí níta tí gbogbo èèyàn ń rí i. Èrò márùndínlógójì ló wọlé. Àwa òṣìṣẹ́ jẹ́ márùn-ún: awakọ̀ méjì, obìnrin méjì tó ń tọ́jú èrò, àti ẹnjiníà kan. Gbogbo wa jẹ́ ogójì géérégé.

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Oòrùn ṣì ń ràn. Ohun táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé ṣé òru ni. Kì í ṣe òru o. Ojúmọmọ ni, ojú ọ̀run mọ́ kedere.

Ẹni tó ni ọkọ̀ níkàáwọ́ lọ́jọ́ náà ni màá máa pè ní Ọ̀gá Adéoṣùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ gan-an kọ́ nìyẹn. Ìgbà tí mo ṣì ń wọ yunifọ́ọ̀mù lọ sílé ìwé ló ti ń wa bààlúù. Mágódò ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, díákónì ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì. Mi ò rí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ tó o rí. Ìjì gbá wa mú lókè Ọ̀ṣogbo nígbà kan, àwọn èrò ń pe Jésù, wọ́n ń pe Allah, ẹ̀pà ni Ọ̀gá ń jẹ.

Nígbà tá a dé ìtòsí Èkó, àwọn tó ń darí bààlúù láti ilẹ̀ ní ká ní sùúrù, pé ọkọ̀ mìíràn wà lójú ọ̀nà tá a fẹ́ balẹ̀ sí. Wọ́n ní ká lọ máa yí po lápá ìlà oòrùn títí wọn á fi pè wá. Bá a ṣe ń yí po lókè Kétu nìyẹn.

Mo fẹ́ràn ibẹ̀ láti òkè. Ìkòsí ni wọ́n bí mi sí. Mo máa ń rí àwọn páànù ọjà Mile 12, màá rí odò Ògùn tó ń wọ́ lọ sápá Agbóyì kó tó já sínú ọ̀sà, màá wá máa fojú wá òrùlé bàbá mi. Òrùlé yẹn ni mò ń wá lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i.

Ó dúró lókè omi.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹyẹ ni. Mo tún rò pé bóyá bàlúùnù tí wọ́n fẹ́ ní ibi àríyá kan ló já. Ṣùgbọ́n ó tóbi ju ìyẹn lọ, ó tó ilé alájà mẹ́ta tí wọ́n dà dùbúlẹ̀. Ó rí roboto, ó sì pẹlẹbẹ bí ìdérí ìkòkò. Kò ní ìyẹ́, kò ní abẹ̀bẹ̀, kò rú èéfín. Kò sì mì.

Ẹ gbà mí gbọ́, kì í ṣe bó ṣe tóbi ló bà mí lẹ́rù. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé oòrùn ò ràn lára rẹ̀. Oòrùn ń tàn lórí páànù ọjà, ó ń tàn lórí omi, ó ń tàn lápá bààlúù wa. Ibi tí nǹkan yẹn wà ṣókùnkùn birimù, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé ibẹ̀ kúrò nínú ọ̀sán.

Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ wa tó máa ń pariwo bí ọkọ̀ mìíràn bá sún mọ́ wa jù. Kò dún rárá.

Mo rọra sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, ẹ wo apá ọ̀tún."

Ó nàgà, ó wò ó. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó yára jókòó padà, ó tẹjú mọ́ iwájú.

Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Má wò ó. Má tún wò ó mọ́."

Bó ṣe sọ ọ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí. Ẹni tó ń rí nǹkan fún ìgbà àkọ́kọ́ máa ń béèrè pé kí nìyẹn ni. Ọ̀gá ò béèrè.

A yí po. Tá a bá yí po báyẹn, ohun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi yẹ kó bọ́ sẹ́yìn wa. Mo wòta, ọwọ́ ọ̀tún mi náà ló wà. Ó ti sún mọ́ wa sí i. A tún yí po. Ó tún sún mọ́ wa sí i. Mi ò sì rí i kó rìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Rédíò wa wá dún.

Èdè Òyìnbó la máa ń sọ lórí rédíò, torí àwọn tó ń fò wá láti ibi gbogbo. Yorùbá ni ohùn yìí sọ. Kì í ṣe ohùn tó le, kì í sì í ṣe ohùn ẹni tó ń bínú. Ó dà bí ohùn akọ̀wé tó jókòó sẹ́nu fèrèsé ilé ìwòsàn, tó ń gba orúkọ aláìsàn.

"Ẹ̀mí mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yín?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí bààlúù bá wà nínú ewu, àwọn tó wà nílẹ̀ máa ń béèrè ìbéèrè yìí gan-an, kí wọ́n lè mọ iye èèyàn tí wọ́n máa wá tó bá já. Bí ewu ò bá sí, wọn kì í béèrè rẹ̀. Àwa ò sì sí nínú ewu kankan.

Mo tẹ bọ́tìnnì, mo bi àwọn tó wà nílẹ̀ bóyá àwọn ló bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní rárá, ká ṣì máa yí po. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹ̀mí mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yín?"

Bó ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì ò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo wo Ọ̀gá Adéoṣùn. Omijé ń dà lójú rẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń lọ síbi bọ́tìnnì tá a fi ń dáhùn.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ ṣe?"

"Jẹ́ kí n dá a lóhùn. Bí a ò bá dá a lóhùn, á kà wá fúnra rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó kà wá."

Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò tíì gbé ohùn sókè sí ọkùnrin yẹn rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì di ìdarí ọkọ̀ mú, mo ní, "Mo ti gbà á." Ohun tá a máa ń sọ nìyẹn bí ọkọ̀ bá kúrò lọ́wọ́ awakọ̀ kan bọ́ sọ́wọ́ ìkejì. Ọ̀gá yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó kó o lé itan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohùn náà bẹ̀rẹ̀.

"Ení."

Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Èjì."

Ó ń kà wá bí ẹni tó ń wojú ẹnì kọ̀ọ̀kan dáadáa kó tó kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Nígbà tó dé ẹ̀fà, fóònù tá a fi ń bá ẹ̀yìn sọ̀rọ̀ dún. Rónkẹ́ ni, àgbà nínú àwọn obìnrin méjì tó ń tọ́jú èrò.

Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Aunty, ṣé ẹ̀yin lẹ ń kà wá ni? Ó ń jáde látinú sípíkà. Àwọn èrò ń bi mí."

Mo ní, "Sọ fún wọn pé a ń dán sípíkà wò ni. Lọ jókòó, kó o so bẹ́líìtì rẹ."

"Aunty, kì í ṣe ohùn yín. Kì í ṣe ohùn Ọ̀gá."

"Rónkẹ́, jókòó."

Mo pe àwọn tó wà nílẹ̀, mo ní ara ẹnì kan ò yá nínú ọkọ̀, a fẹ́ sọ̀kalẹ̀ báyìí báyìí. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ẹni tára rẹ̀ ò yá ọ̀hún ló jókòó tì mí. Wọ́n gbà, wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí mo bá máa yí orí ọkọ̀ sí Ìkejà láti ibi tá a wà, iwájú nǹkan yẹn ni mo gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Mo lè ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀nà mìíràn. Ìyẹn á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ohùn náà ti dé ẹ̀tàdínlógún. Mo ro ti Dára ọmọ mi tó wà nílé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Mo ro ti èèyàn ogójì. Mo gé ọkọ̀ sọ́tùn-ún.

Bá a ṣe kọjá níwájú rẹ̀, ariwo ẹ́ńjìnnì dákẹ́ létí mi. Mo wo aago, àwọn ẹ́ńjìnnì méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Mo wo abẹ̀bẹ̀, ó ń yí. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi ohùn yẹn, ọmọ ìkókó kan tó ń ké lẹ́yìn, àti èémí ara mi. Mi ò wo ọ̀tún, mi ò wo òsì. Ojú mi wà lórí aago.

"Ọ̀kàndínlógójì."

"Ogójì."

Ó dákẹ́. Mo mí kanlẹ̀.

"Ọ̀kànlélógójì."

Ariwo ẹ́ńjìnnì padà wá lójijì bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ. Mo wẹ̀yìn látojú fèrèsé. Omi nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú oòrùn lórí rẹ̀.

A balẹ̀. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú Rónkẹ́, a jọ ka àwọn èrò bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Màmá kan rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ ò kúkú lè ṣe iṣẹ́ yín kẹ́ ẹ má kà wá bí ewúrẹ́." Èrò márùndínlógójì ló bọ́ sílẹ̀. Kò lé, kò dín.

Nígbà tó ku àwa méjì nínú ọkọ̀, Ọ̀gá Adéoṣùn di apá mi mú.

"Àbúrò mi, má kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé a ní fọ́ọ̀mù tá a máa ń kọ bí ohun àjèjì bá ṣẹlẹ̀ lókè. Ó sì yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó ku oṣù kan péré kí n ṣe ìdánwò tí màá fi di awakọ̀ àgbà. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi dúró de ìdánwò yẹn.

Ó ní, "Bó o bá kọ ọ́, wọ́n á ní orí rẹ ò pé. Wọ́n á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

Mo bi í pé, "Ọ̀gá, ṣé ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?"

Ó wo bàtà rẹ̀ títí. "Mi ò rí nǹkan kan."

Ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ. Mo kọ aago, mo kọ bá a ṣe ga tó, mo yàwòrán ibi tí nǹkan náà dúró sí. Mo kọ ohun tó sọ. Mo fi lé wọn lọ́wọ́ ní ilé iṣẹ́ kí n tó wọ mọ́tò lọ sílé, torí mo mọ̀ pé bí mo bá gbé e sùn, ẹ̀rù á bà mí.

Ohun tí Ọ̀gá sọ ló ṣẹlẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ ní kí n sinmi nílé títí àwọn dókítà á fi yẹ̀ mí wò. Wọ́n sún ìdánwò mi síwájú láìsọ ọjọ́. Ọkùnrin tó pè mí sí ọ́fíìsì fi sùúrù bá mi sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ gbé omi fún mi, ṣùgbọ́n ó fi ohun tí Ọ̀gá kọ hàn mí: ojú ọjọ́ dára, ohun àjèjì kankan ò ṣẹlẹ̀. Rónkẹ́ ní sípíkà ló bàjẹ́. Mi ò bá a jà. Ó ní ìyá tó ń tọ́jú, ó sì fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀.

Mi ò sunkún. Inú ló ń bí mi. Ohun tí mo rí, mo rí i. Bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo rí i nínú bààlúù, ṣebí àwọn èèyàn wà nílẹ̀. Òkè omi ló dúró sí, odidi Kétu sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Mo lọ bá bàbá mi ní Ìkòsí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wọ́n, típà ni wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé wọn wà kí ẹsẹ̀ tó máa dùn wọ́n. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láti òkè délẹ̀. Wọn ò ní kí n lọ gbàdúrà, wọn ò bi mí bóyá mo jẹun. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí.

"Níbo gan-an ló dúró lé?"

Mo yà á sórí ìwé. Wọ́n wò ó. "Ibi tá a ti ń ra yanrìn nìyí. Mo mọ àwọn tó ń wà á níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, ní àárọ̀, wọ́n dé fìlà, wọ́n mú ọ̀pá, a jáde.

Ẹ̀yìn Kétu lápá odò, àwọn ọkùnrin wà tí wọ́n ń fi korobá wọnú omi lọ gbé yanrìn wá sínú ọkọ̀ ojú omi. Mẹ́sàn-án ni àwọn tá a lọ bá. Olórí wọn ni Bàbá Wàhábì, ọkùnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí ojú rẹ̀ pọ́n nítorí omi. Nígbà tí bàbá mi sọ ohun tá a wá béèrè, ó dìde.

"Alàgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àwa ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́."

Bàbá mi na ọ̀pá sí mi. "Ọmọ mi nìyí. Ìgbà tẹ́ ẹ wà nísàlẹ̀, òun ló wà lókè."

Bàbá Wàhábì yíjú sí mi. "Ìwọ lo wà nínú bààlúù yẹn? Èyí tó ń yí po, tó ń yí po?"

Mo ní, "Èmi ni." Yàtọ̀ sí bàbá mi, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe sí mi bí ẹni tí orí rẹ̀ pé.

Ó jókòó padà. Ó rọ ohùn sílẹ̀. Ó ní omi náà dúró lọ́jọ́ yẹn, kò ṣàn lọ, kò ṣàn bọ̀. Ó ní ọ̀kan nínú wọn tó wà nísàlẹ̀ omi sáré jáde, ó ń pariwo pé ẹnì kan ń ka nǹkan nínú omi. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn gbọ́ ọ.

"Àwa ló ń kà. Mẹ́sàn-án la jẹ́." Ó wẹ̀yìn wò. "Ẹ̀wá ló kà."

Mo bi í pé, "Ta ni ìkẹwàá?"

Ó na ọwọ́ sí abẹ́ àtíbàbà wọn. Abọ́ oúnjẹ wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n dojú wọn dé. Mo kà wọ́n. Mẹ́wàá ni.

"Obìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá fún wa, a ti sọ fún un títí. Ó ní mẹ́wàá lòun ń rí tóun bá dé. Àwa mẹ́sàn-án á jẹ tiwa, a ò ní fọwọ́ kan ìkẹwàá. Ká tó wọnú omi ká sì jáde, á ti tán."

Bàbá mi ṣí fìlà lórí.

Mo ti mú ìwé dání, mo sì ti gba àpótí tàdáwà lọ́wọ́ ọkọ mi, torí olùkọ́ ni. Mo kọ ohun tí wọ́n sọ, mo kà á sí wọn létí. Mo ní mi ò ní fi orúkọ wọn síta, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n tẹ̀ka sí i. Wọ́n wo ara wọn. Mo ní, "Bí a bá dákẹ́, nǹkan yìí á máa wá, gbogbo ẹni tó bá rí i á sì máa rò pé òun nìkan ni." Bàbá Wàhábì ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Méje nínú wọn ló tẹ̀ka. Àwọn méjì kọ̀, mi ò dá wọn lẹ́bi.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì. Àmì àtàǹpàkò mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀. Ọkọ mi náà kà á. Ìkẹjọ ò ní ìlà kankan nínú, ó kàn dúdú bọ̀lọ̀jọ̀ ni.

Mo mú un bẹ́ẹ̀ lọ sí Mágódò.

Ọ̀gá Adéoṣùn wà nínú bárándà lókè. Ìyàwó rẹ̀ fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó ka ìwé náà tán, ó tún un kà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

"Ìgbà tí mo wà ní ipò rẹ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Igbákejì awakọ̀ ni mí. Òkè yẹn náà ni. Ó bi wá, mo sì dá a lóhùn. Mo sọ iye tá a jẹ́, bó ṣe yẹ kéèyàn sọ ọ́. Ó ní, 'Ó ku ẹnì kan.'"

Ó gbé ìwé náà lé itan.

"Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bààlúù, tí mo jẹ́ ẹni ìkẹyìn, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lórí àkàbà lẹ́yìn mi. Mi ò bojú wẹ̀yìn rí. Mi ò sọ fún ìyàwó mi, mi ò sọ fún pásítọ̀."

Mo gbé kálàmù síwájú rẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ fọwọ́ sí i."

"Kí ni ìyẹn máa yí padà?"

"Mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n mo dá wà, ẹ̀yin náà sì ti dá wà tipẹ́. Ó tó báyìí."

Ó gbé kálàmù. Ó kọ pé òun rí i, òun gbọ́ ọ, òun sì parọ́ nínú ìjábọ̀ àkọ́kọ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún.

Nígbà tí Rónkẹ́ gbọ́ pé Ọ̀gá ti kọ tiẹ̀, òun náà lọ kọ tiẹ̀ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́.

Àwọn dókítà ní orí mi pé. Ilé iṣẹ́ fún mi ní lẹ́tà olójú ìwé kan: àwọn ti gba gbogbo ìjábọ̀ wa, àwọn ò mọ ohun tó jẹ́, àwọn ò sì tíì pa fáìlì náà dé. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ṣe ìdánwò mi, mo yege. Ọwọ́ òsì ni mò ń jókòó sí báyìí, níbi ìjókòó ọ̀gá.

Ọ̀gá Adéoṣùn ò fò mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ó tó. Ìyàwó rẹ̀ máa ń pè mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, á jókòó sí bárándà, á kọjú sápá Kétu, ẹnu rẹ̀ á máa mì. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti sún mọ́ ọn débi tóun á fi gbọ́. Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bi í pé, "Ọ̀gá, kí lẹ ń kà?"

Ó ní, "Kì í ṣe èmi ló ń kà á. Èmi kàn ń tẹ̀ lé e ni."

Mi ò mọ ohun tó jẹ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Mi ò mọ ẹni tí ohùn náà ní ó kù, mi ò sì mọ ìgbà tí yóò dé. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n, ẹ má dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn nǹkan kan, òun ni mo sì fẹ́ fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Kétu, ní Agbóyì, ní gbogbo etí omi yẹn, bẹ́ ẹ bá rí ibì kan lójú ọ̀run tí oòrùn ò ràn dé, tí ohùn kan sì bi yín pé mélòó lẹ jẹ́, ẹ pa ẹnu yín dé. Ẹ má sọ iye ọmọ yín. Ẹ má sọ iye àwọn tẹ́ ẹ jọ jókòó. Ẹ jẹ́ kó kà á fúnra rẹ̀ bó bá wù ú. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn tó rí i, kẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí i.

Mo sọ èyí fún igbákejì mi tuntun lánàá, bá a ṣe ń múra láti gbéra. Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo fẹ́ fi dẹ́rù bà á ni. Ẹ̀yin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò bẹ́ẹ̀.